Ẹ̀rọ Tó Ń Ká Ọ̀rá: Ibi Tí Mo Ti Rí Àléébù Rẹ̀

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rọ tó ń ká ọ̀rá omi níbi iṣẹ́ wa fi dà wá láàmú. Á máa ká a lọ dáadáa. Ṣàdédé, ọ̀rá á dẹ̀, á máa fì, kí a tó ṣẹ́jú ẹ̀rọ á tún fà á gìrì, ọ̀rá á ya. Àwọn oníná ti tú ínfátà, ẹ̀rọ tó ń darí eré mọ́tò, palẹ̀. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àtira mọ́tò tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tó ń yí i.

Ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà ló là mí lójú. "Ẹ̀gbọ́n, tí ọ̀rá bá ṣì kéré, kì í ṣe é o. Ìgbà tó bá ti sanra ló máa ń bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú. Páìpù tí a ń ká ọ̀rá lé fẹ̀ tó mìlímítà 76; tó bá fi máa kún, á ti tó 600. Kí ọ̀rá tó lè máa le bákan náà, agbára tí ẹ̀rọ máa fi yí i á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. Ohun tí kò bá dúró dáadáa, ìgbà yẹn ló máa yọ̀. Mo tún wo mítà mọ́tò: bí ọ̀rá bá ti dẹ̀ báyìí, iná tó ń fà á já wálẹ̀. Ẹrù ló bọ́ lọ́rùn mọ́tò yẹn, kò rẹ̀ ẹ́ rárá.

A pa iná, mo fi àgádágodo ti switch, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ṣéènì kò dẹ̀, eyín sprocket, irin róbótó eléyín tí ṣéènì ń yí, kò jẹ. Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti orí ṣáàfù, ọ̀pá irin tí sprocket ń yí, dé ara sprocket, a dá ìbòrí padà, a tan ẹ̀rọ títí ọ̀rá fi sanra. Nígbà tí a pa á tí a tún ṣí i, ìlà ti já sí méjì, wọ́n jìnnà síra: sprocket ń yọ̀ lórí ṣáàfù.

Mo fa sprocket yọ. Ìyẹ̀fun pupa bí osùn ló kún inú rẹ̀. Key, irin kékeré tó yẹ kó so ó mọ́ ṣáàfù, ti gé, síkúrù kékeré kan ṣoṣo ló ń dì í mú, ó sì ti ha ṣáàfù yípo, ó ń dán. Ó dùn mí, torí ẹnì kan ló fi fáìlì ha irin lásán, tó fi sójú key yẹn. Ṣáàfù mìlímítà 35 ni, key tó fẹ̀ ní mìlímítà 10 ló yẹ ẹ́; èyí tí mo bá níbẹ̀ kò tó 9.

Ojúulé key, ihò tí key ń wọ̀, ṣì dára, nítorí náà mo fi sáńpépà nu ṣáàfù, mo fi òòlù kan key gidi wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo dì í ní síkúrù méjì. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rá kún dé 600, kò fì lẹ́ẹ̀kan.

Mo tún fa ìlà ṣọ́ọ̀kì míràn síbẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ kó tó lọ sílé.