Ìdí tí bátìrì kìíní fi ń ṣáájú àwọn yòókù kú: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí síso bátìrì sólà pọ̀

Bátìrì mẹ́rin ni mo rà nígbà tí mo fi ọwọ́ ara mi to sólà ilé wa n'Íbàdàn. Tubular olómi (bátìrì òjé tí à ń bu omi sí) ni wọ́n, 12V, 200Ah, ọjọ́ kan náà la kó gbogbo wọn dé. Nígbà tó di oṣù kẹrìnlá, èyí tó sún mọ́ ìnfátà jù lọ kú. Mo gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, a fa ọ̀rọ̀ náà títí, ó ní èmi ni mo lò ó nílòkulò. Inú bí mi. Mo ra òmíràn, mo gbé e sí ojú ibẹ̀ gan-an. Kò pé ọdún tí ìyẹn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó fi bátìrì sílẹ̀, tí mo yẹ wáyà wò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ rewáyà ń ṣe lèmi náà ṣe. Mo fi wáyà kúkúrú so orí pupa mọ́ orí pupa, orí dúdú mọ́ orí dúdú, láti bátìrì kìíní dé ìkẹrin. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ wáyà ìnfátà méjèèjì, àti pupa àti dúdú, orí bátìrì kìíní ni mo ti fà wọ́n, nítorí pé òun ló wà nítòsí. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́.

Bátìrì ńlá tó ṣì dára ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìdènà iná nínú. Kò ju nǹkan bíi milliohm 3 sí 5 lọ (ohm ni a fi ń wọn ìdènà iná, ẹgbẹ̀rún milliohm ló sì wà nínú ohm kan). Wáyà kọ́pà 35mm² tó gùn tó ìdajì mítà ní nǹkan bíi 0.25, lug (irin ẹnu wáyà tí bóòtù ń gbà kọjá) àti bóòtù sì tún fi tiwọn kún un. Ẹni tó bá gbọ́ 0.25 á ní kí ló wà ńbẹ̀? Ṣùgbọ́n 3 sí 5 náà là ń fi í wé, ọ̀nà tó bá sì rọrùn jù ni iná ń gbà jù. Iná bátìrì kẹrin á gba wáyà mẹ́ta kọjá lápá pupa, mẹ́ta lápá dúdú, kó tó rí ìnfátà. Ti kìíní ò gba ìkankan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, àmọ́ níbí yìí, ọwọ́ kan ló ń lu àyà, àwọn yòókù kàn ń bá a kẹ́sẹ̀ rìn ni.

Mo rí i kedere ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà. Bátìrì mẹ́rin tuntun, kò tíì pé oṣù méjì, irú ìso tèmi gẹ́lẹ́. Mo gbé mítà tí à ń fi gbá wáyà mú lọ. (Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó dínwó jù lọ́jà: iná NEPA nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kà. Tí ẹ bá gbé e sára wáyà bátìrì, òdo ni yóò kọ, ẹ ó sì rò pé iná ò kọjá.) Fíríìsà ń ṣiṣẹ́, fáànù méjì ń yí, ìnfátà ń fa 75A. Wáyà tó so bátìrì kẹrin mọ́ ìkẹta gbé 13A. Ti ìkẹta sí ìkejì gbé 28A. Ti ìkejì sí ìkíní gbé 48A. Ẹ yọ ọ̀kan lára èkejì: ìkẹrin ń mú 13 wá, ìkẹta 15, ìkejì 20, ìkíní 27. Ìkíní ń ṣe ju ìlọ́po méjì iṣẹ́ ìkẹrin lọ.

A pa ìnfátà, a mú wáyà dúdú ìnfátà kúrò lórí bátìrì kìíní, a gbé e lọ sórí ìkẹrin, a fi pupa sílẹ̀ níbi tó wà. Sípánà 13 kan ni, iṣẹ́ náà ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A tún wọ̀n ọ́n: 20, 18, 17, 20. Kò dọ́gba tán, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn dáadáa. Tí bátìrì bá ti ju mẹ́rin lọ, ẹ má ṣe so wọ́n ní ẹ̀wọ̀n mọ́. Ẹ ra ọ̀pá kọ́pà méjì, kí bátìrì kọ̀ọ̀kan fa wáyà tirẹ̀ débẹ̀, kí gbogbo wáyà náà sì gùn bákan náà. Bí bátìrì kan bá tiẹ̀ wà nítòsí ọ̀pá, ẹ má gé wáyà tirẹ̀ kúrú.

Àṣìṣe mi kejì ni bátìrì tuntun tí mo kó sáàárín àwọn tó ti lo ọdún kan. Ìdènà inú bátìrì tuntun kéré sí ti àgbà, nítorí náà òun ni wọ́n ń di ẹrù lé lórí. Bílẹ̀ bá sì ṣú, bátìrì tí kò lè di iná mú mọ́ á máa mu tirẹ̀. Nísinsin yìí, bí ọ̀kan bá kú lẹ́yìn ọdún kan, màá yọ ọ́, màá fi mẹ́ta tó kù ṣe é títí di ọjọ́ tí mo bá lówó gbogbo wọn. Ohun kan náà ni mo máa sọ nípa bátìrì tókúnbọ̀ tí wọ́n yọ lára òpó nẹ́tíwọ̀kì, àti nípa àwọn tó ń so lithium mọ́ tubular. Tí lithium 12V bá kún, ó máa ń wà ní nǹkan bíi 13.3V nígbà tó bá sinmi. Tubular ò ju nǹkan bíi 12.7V lọ. Lithium ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Kódà bátìrì tuntun mẹ́rin tó jọra, ẹ má gbé wọn dé kí ẹ so wọ́n lọ́jọ́ náà. Tí ọ̀kan bá wà ní 12.7V, tí èkejì wà ní 12.2V, 0.5V péré ló fi yàtọ̀. Àmọ́ tí gbogbo ìdènà tó wà láàárín wọn bá jẹ́ 10 milliohm, 50A ni yóò ta láti ọ̀kan sínú èkejì lójú ẹsẹ̀. Ẹ gba iná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ títí yóò fi kún, ẹ jẹ́ kó sun di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Fíúsì ló kàn. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń fi síwájú ìnfátà. Ẹ gbà pé pílétì méjì kanra nínú bátìrì kan, tó já sí 10V. Mẹ́ta tó kù á dojú iná kọ ọ́, iná náà ò sì gba ẹnu fíúsì ìnfátà kọjá rárá. Á gbóná, á máa hó, gbogbo ilé á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Fíúsì tirẹ̀ ni kí ẹ fún bátìrì kọ̀ọ̀kan, lápá pupa, nítòsí orí rẹ̀. Ẹ má sì fi bírékà iná NEPA dípò rẹ̀. Iná NEPA máa ń kan òdo nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ló ń jẹ́ kí iná tó ń tàn láàárín irin bírékà tètè kú. Iná bátìrì kì í kan òdo. Yóò máa jó lọ títí yóò fi yọ́ bírékà náà.

Ẹni tí kò tíì ra ìnfátà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ níbí: kí lẹ tiẹ̀ ń so mẹ́rin pọ̀ ní 12V fún? Ẹrù 2,400W ń fa 200A ní 12V. Ní 24V, 100A ni. Ní 48V, 50A. Ooru tí wáyà kan náà ń jù nù á já sí ìdá mẹ́rin ní 24V, ìdá mẹ́rìndínlógún ní 48V. Bátìrì mẹ́rin tó tò tẹ̀léra wọn ní 48V (orí pupa ọ̀kan mọ́ orí dúdú èkejì) ò tiẹ̀ nílò pé kí ẹ so ohunkóhun pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti tò wọ́n báyìí, ẹ má fa 12V láti ara ọ̀kan ṣoṣo fún gílóòbù tàbí rédíò. Bátìrì yẹn á máa rù ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lójoojúmọ́.

Pánẹ́ẹ̀lì náà ńkọ́? Tubular mẹ́rin tí a so pọ̀ ní 12V, 800Ah lápapọ̀, ń fẹ́ nǹkan bíi 80A láti fi gba iná dáadáa. Kọntiróólà (àpótí tó ń darí iná pánẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì) 30A lórí rẹ̀, ìkòkò ẹni mẹ́ta la gbé fún ènìyàn mẹ́jọ nìyẹn. Kò ní yó láé, iyọ̀ funfun á bo pílétì.

Omi bátìrì ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe pure water inú ọ̀rá. Wáṣà máa ń wà lórí lug ni, kì í sí láàárín lug àti orí òjé bátìrì. Bátìrì olómi ò sì gbọdọ̀ wọ yàrá tí ènìyàn ń sùn.

Tí ẹ bá fẹ́ tú u ká láti tún un so, ẹ kọ́kọ́ pa ìnfátà, kí ẹ yọ wáyà pánẹ́ẹ̀lì kúrò lára kọntiróólà, torí ọ̀pọ̀ kọntiróólà ò fẹ́ kí oòrùn bá wọn láìsí bátìrì. Orí dúdú lẹ ó kọ́kọ́ tú. Ẹ bọ́ òrùka àti ṣéènì ọwọ́. Mo wé téèpù mọ́ gbogbo ara sípánà tèmi, ó ku ẹnu rẹ̀ nìkan, lẹ́yìn ọjọ́ tó bọ́ sórí bátìrì méjì, tó sì fi àmì dúdú kan sára irin rẹ̀ tí kò parẹ́ títí di òní.