Ogún Kọ́ọ̀kì Mínírà Nínú Àpò: Bí Ẹ Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ D&D Ní Àdúgbò Yín

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pe àwọn èèyàn jọ láti ṣe eré ìtàn D&D nílé mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, èèyàn mẹ́sàn-án ló wá. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Kó tó di aago márùn-ún, àwọn méjì ti sùn, ẹnì kan ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù, àwọn tó kù ń jiyàn nípa ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Nítorí náà, ẹ má pè ju èèyàn mẹ́rin lọ. Ẹni tó ń darí ni ìkarùn-ún.

Ẹni tí kò bá mọ eré náà, Dungeons & Dragons ló ń jẹ́. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Kò dà bíi lúdò tí ẹnì kan máa ń jẹ. Ẹnì kan ń sọ ìtàn, àwọn yòókù di èèyàn inú ìtàn náà, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá le, dáìsì ló máa sọ bóyá ó bọ́ sí i. Ẹni tí ìyá àgbà bá ti pàlọ́ fún rí ti mọ ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àlọ́, ẹ ò lè ní kí Ìjàpá má gun igi ọ̀hún. Níbí, ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ń sọ ìtàn wá ọ̀nà tí yóò gbà tún un ṣe. Apàlọ́ là ń pe ẹni náà lọ́dọ̀ wa. "Dungeon Master" tí wọ́n ń pè é nínú ìwé òfin ti gùn jù lẹ́nu.

Dáìsì ló máa ń kọ́kọ́ dí àwọn èèyàn lọ́wọ́. Eré yìí ń lo olójú 4, 6, 8, 10, 12 àti 20. Olójú mẹ́fà ò ṣòro, ẹ yọ ọ́ nínú lúdò. Olójú ogún ni wàhálà, òun gan-an la sì ń lò jù. Mo lọ gba ogún kọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ìyá tó ń ta mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, mo fi máákà kọ 1 títí dé 20 sínú wọn, mo kó wọn sínú àpò aṣọ kékeré kan. Ọdún kan gbáko la fi lò ó. Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ mú ọ̀kan, ẹ kà á síta, ẹ dá a padà, ẹ mi àpò náà dáadáa. Dídá a padà yẹn ṣe pàtàkì o. Bí ẹ bá fẹ́ olójú 12, tí ẹ wá mú 17, ẹ tún un mú. Kí àwọn kọ́ọ̀kì náà sì jọra, torí mo ní àbúrò kan tó fi ọwọ́ da 20 mọ̀ nínú òkùnkùn: ó ti tẹ etí rẹ̀ wọlé díẹ̀. Fóònù náà lè ta dáìsì fún yín, àmọ́ ẹni tó bá mú fóònù tìtorí dáìsì, WhatsApp ni yóò bá bọ̀.

Òfin eré náà kò ná yín ní kọ́bọ̀. Wizards of the Coast, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, gbé ìwé kan tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1 sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ìwé ńlá ni. Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ lọ fún onífótókọ́pì. Ibi tó sọ̀rọ̀ ìjà àti ibi iṣẹ́ tí oníkálukú yàn ti tó.

Láti dá ẹni tí ẹ fẹ́ jẹ́, ẹ mú nọ́ńbà mẹ́fà yìí: 15, 14, 13, 12, 10, 8. Ẹ pín wọn fún agbára, ọwọ́ yíyá, ara líle, ọpọlọ, làákàyè àti ẹnu dídùn. Èyí tó bá gba 15 tàbí 14, ẹ ó máa fi 2 kún ohun tí ẹ bá mú lápò. 13 àti 12 fún yín ní 1. 10 kò fún yín ní nǹkan kan. 8 ń yọ 1 kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ yan iṣẹ́: jagunjagun, àlùfáà, olè, tàbí ẹni tó mọ ọfọ̀. Mo ti kọ́kọ́ pe ti ìkẹyìn yìí ní oṣó. Màmá mi gbọ́ láti kíṣìnnì.

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àwàdà bí mo ṣe sọ ọ́ yìí. Wọ́n á bi yín bóyá ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn òbí kan pariwo pé èṣù ló wà nínú rẹ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀ sílẹ̀, mo ní kí màmá mi wá jókòó. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, màmá mi fúnra wọn ló ń sọ fún jagunjagun pé kó má gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọba inú ìtàn yẹn.

Àpẹẹrẹ bó ṣe ń lọ: odò abúlé kan gbẹ, ẹ tọ ipa rẹ̀ dé ibi ògiri àpáta. Jagunjagun ní òun á gùn ún. Apàlọ́ ní ó le díẹ̀, 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kó rí. Ó mú 11, ó fi 2 kún un, ó jẹ́ 13. Kò bọ́ sí i. Ibí ni apàlọ́ tuntun ti máa ń ba nǹkan jẹ́: á ní "o ò lè gùn ún," eré á sì kú síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gun ún, ṣùgbọ́n kí àpò oúnjẹ rẹ̀ já bọ́, kí ariwo rẹ̀ jí iwin mẹ́ta tó ń sùn lókè. Iwin kékeré mẹ́ta ti tó èèyàn mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ẹ̀mí 7 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ìyẹn iye ìpalára tó lè gbà kó tó ṣubú, 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹ gbọ́dọ̀ rí kí idà tó bà á.

Ohun tó le jù lọ́dọ̀ wa kò sí nínú ìwé òfin kankan. Ẹ̀gbọ́n kan wà lára wa tó ń tún mọ́tò ṣe ní Sábó. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi tó kéré jù ló jẹ́ balógun, ẹ̀gbọ́n sì jẹ́ ọmọ ogun rẹ̀. Ó yẹ kó pàṣẹ pé "Dúró síbẹ̀!" Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dúró síbẹ̀." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló ní, "Balógun wo ló ń bẹ̀bẹ̀?"

Látìgbà náà la ti ń gé páálí, a ń kọ orúkọ ẹni inú ìtàn sí i, a ń gbé e síwájú oníkálukú. Bí ẹ bá ń bá orúkọ orí páálí sọ̀rọ̀, "ìwọ" ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n na ẹ̀pà sí yín, ẹ padà sí "ẹ̀yin." Ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù ni mo sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè: "Kí lo fẹ́ ṣe?" Torí bí ẹ̀gbọ́n bá ti kọ́kọ́ fọhùn, ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ náà ni gbogbo àwọn tó kù máa sọ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ bi oníkálukú léèrè ohun tí kò fẹ́ gbọ́ nínú ìtàn. Ẹnì kan ní òun ò fẹ́ ajínigbé. A ò bi í ní ìdí, a yọ ọ́ kúrò.

Ọjọ́ Àìkú ni tiwa, aago mẹ́ta sí mẹ́fà. Gúgúrú dára ju púfù-púfù lọ, òróró púfù-púfù máa ń ba ìwé jẹ́. Bí aago mẹ́fà bá lù, ẹ dúró, ì báà jẹ́ àárín ìjà. Ẹ kọ iye ẹ̀mí tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn ìwé tí oníkálukú kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí, kí apàlọ́ sì gba gbogbo ìwé náà padà, torí èyí tó bá bá wọn délé kì í padà wá. Inú páálí Indomie kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni tèmi wà, pẹ̀lú àpò kọ́ọ̀kì.