Ẹ Yé Fi Orúkọ Mọ́tò Ra Páàtì: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Gbé Owó Yín Lọ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ̀dá kan gbé páálí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, páálí tí wọ́n fi sẹ̀lótéèpù wé títí tí ò fi níbi ojú mọ́. Ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì Camry ẹ̀, ẹ̀rín ń pa á. "Ọ̀gá, iye tí wọ́n pe nǹkan yìí fún mi ní Géètì, ìdajì ẹ̀ ni mo san lórí fóònù. Ẹ ṣáà bá mi dè é." Mo fi abẹ tú páálí. Kọ́ìlì mẹ́rin, àwọn tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, tuntun, ọ́ìlì ò tíì kàn wọ́n rí. Mo yí ọ̀kan padà, mo ka nọ́ńbà ara ẹ̀: 90919-02239.

"Bọ̀dá, ti Corolla lẹ rà yìí."

"Ṣé Toyota kọ́ ni Corolla ni?"

Mi ò dáhùn. Mo lọ bu omi mu.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, mi ò ní kí ẹ má ra páàtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì o. Èmi alára ń rà á. Mo sì mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń sá fún wa. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ kan tí àwọn ẹgbẹ́ mi máa torí ẹ̀ bínú sí mi: ọ̀pọ̀ nínú àwa mẹkáníìkì, bá a bá ra nǹkan ní Àràrọ̀mí ní Géètì n'Ìbàdàn, tàbí ní Ladípọ̀ l'Ékòó, iye tá a rà á kọ́ la ń sọ fún yín. A máa ń lé nǹkan lé e. Ẹ mọ̀, àwa náà sì mọ̀ pé ẹ mọ̀. Torí ẹ̀ lẹ ṣe gbé fóònù, ẹ ní ẹ fẹ́ yọ wá kúrò láàárín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ wá kó owó tẹ́ ẹ yọ lọ́wọ́ wa lọ fún ẹni tí ò mọ̀ yín rí, tí ò ní gbé ìpè yín lọ́la, ìyẹn ló ń dùn mí.

Èkínní: orúkọ mọ́tò àti ọdún ẹ̀ lẹ fi ń ra páàtì.

Ibí ni mo fẹ́ jókòó sí, torí ibí gan-an lowó ti ń ṣòfò jù. Kò sí ohun tó ń jẹ́ "kọ́ìlì Camry". Nọ́ńbà lèèyàn ń rà. Páàtì Toyota kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ àmì mẹ́wàá tí wọ́n fi dáàṣì pín sí márùn-ún márùn-ún. Kọ́ìlì Camry tó ń lo ẹ́ńjìnì 2AZ-FE, oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin 2.4 tó kún ìgboro yìí, 90919-02244 ni. Ti Corolla tó ń lo 1ZZ-FE ni 90919-02239. Nínú fọ́tò orí fóònù, ìbejì ni wọ́n. Lórí ẹ́ńjìnì, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí ọdún mọ́tò mi wà nínú pátíkúlà ẹ̀." Pátíkúlà tí ta kọ? Mo ti rí mọ́tò tí ìwé ẹ̀ ń pè ní 2008, tí ara ẹ̀ ń pariwo 2005. Ẹ sì tún wo ti àwọn tó ń ṣe upgrade. Ẹ̀ẹ́ rí Camry Muscle 2007 tí wọ́n tú iná iwájú, bọ́ńpà àti gíríìlì ẹ̀ dànù, tí wọ́n fi ti 2010 wọ̀ ọ́ láṣọ. Ó dára lójú, mi ò jiyàn. Àmọ́ Camry 2010 tó ti Amẹ́ríkà wá, oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ́ńjìnì 2.5 ló ń lò, 2AR-FE, kì í ṣe 2AZ-FE mọ́. Ẹni tó bá wá ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni kẹta, tí ò mọ̀ pé aṣọ àwìn ló wọ̀, ojú mọ́tò ló máa wò tó máa fi ra páàtì ẹ́ńjìnì. Ẹ tiẹ̀ fojú inú wo aláṣọ òfì tí wọ́n ń wo aṣọ ọrùn ẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe ikùn ẹ̀.

Nọ́ńbà ṣáásí ni kẹ́ ẹ wò. Àmì mẹ́tàdínlógún ni. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ awakọ̀, ó tún wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí mọ́tò bá ti Amẹ́ríkà wá, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún ẹ̀: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú ẹ̀, torí náà bẹ́ ẹ bá rí ohun tó jọ O, òdo ni. Ẹ yé fi O ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Àmọ́ ṣáásí náà máa ń tan èèyàn jẹ, èmi tí mò ń pariwo yìí ló sì tàn jẹ jù. Kọ́sítómà mi kan pè mí láti Ṣakí, ó ní Camry Big Daddy òun ń pariwo láti ìdí bẹ́líìtì, òun ń bọ̀ n'Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní kó fi ṣáásí ránṣẹ́. Mo wò ó, 2003, oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, 1MZ-FE. Ojú mi mọ́lẹ̀. Mo bá a ra àpapọ̀ timing belt, bẹ́líìtì tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnì máa yí lásìkò, pẹ̀lú pọ́ǹpù omi láti Amẹ́ríkà, mo fowó ara mi sí i, mo ní ó máa san án tó bá dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi retí ẹ̀. Ọjọ́ tí mọ́tò dé, ọmọ iṣẹ́ mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan." Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ ẹ́ńjìnì púlọ́ọ̀gì mẹ́fà dànù torí epo tó ń jẹ, ó ti fi ẹ́ńjìnì Bẹ́ljíọ́ọ̀mù púlọ́ọ̀gì mẹ́rin síbẹ̀. Ẹ́ńjìnì yẹn kì í lo timing belt rárá, ṣéènì ló ń lò. Mo ra bẹ́líìtì fún mọ́tò oníṣéènì! Gbogbo ohun tí mi ò ṣe ò ju kí n ní kí bọ̀dá náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó ya fọ́tò kan ṣoṣo fún mi. Bẹ́líìtì náà ṣì ń bẹ lára ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù. "Bẹ́líìtì Ọ̀gá" làwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè é, wọ́n rò pé mi ò gbọ́.

Torí náà, ara páàtì àtijọ́ fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ka nọ́ńbà. Ẹ tú u, ẹ nù ún, ẹ yà á ní fọ́tò tó hàn, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á. Kẹ́ ẹ wá ní kóun náà ya nọ́ńbà tó wà lára tiẹ̀, kì í ṣe tara páálí o, tara páàtì. Kó kọ orúkọ yín sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó tó yà á. Ẹni tí páàtì wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní bínú. Ẹni tó bá bínú, fọ́tò ẹlòmíì ló ń tà.

Èkejì: ẹ ń ra oògùn kẹ́ ẹ tó mọ àìsàn.

Iná ẹ́ńjìnì tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kóòdù, ó gbé P0171 jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ní "oxygen sensor" ni, ẹ ti sanwó. Kóòdù kì í dárúkọ páàtì tó bàjẹ́. Ohun tí mọ́tò rí ló ń sọ. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Kí ló fà á? Ó lè jẹ́ rọ́bà tó ya, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tí agbára ẹ̀ ti tán, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó kàn dọ̀tí lásán. Àǹtí kan tó jẹ́ olùkọ́ ra sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn kó tó gbé mọ́tò ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì ló ya nísàlẹ̀, níbi tójú ò tó. Mo fi ọwọ́ fún un, ó la ẹnu. Iye tá a fi ra òmíì ò tó owó ọkọ̀ tí àǹtí fi wá. Wọ́n bi mí pé kí làwọn máa wá fi sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta ṣe. Mi ò mọ èsì tí ǹ bá fọ̀.

P0420 ńkọ́, kóòdù tó ń sọ pé catalytic converter tó ń fọ èéfín mọ́ ò ṣiṣẹ́ tó? Òun náà rèé. Ẹ sinmi ríra sẹ́ńsọ̀.

Ẹ̀kẹta: "original" ò túmọ̀ sí nǹkan kan mọ́. Ẹ wo páálí dáadáa: ẹ máa rí TOYOTA gàdàgbà gàdàgbà, lókè ẹ̀ ni wọ́n kọ FOR sí, kékeré bí èèrà. Wọn ò purọ́ fún yín, ẹ̀yin lẹ ò kà á. Mi ò lòdì sí páàtì Taiwan o, òmíràn nínú wọn lágbára, tí wọ́n bá ṣáà pè é lórúkọ ẹ̀. Ayédèrú gan-an ni mò ń bá jà, pàápàá púlọ́ọ̀gì iridium. Ojúlówó, irin àárín orí ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, kò nípọn tó mìlímítà kan. Èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, irin àárín ẹ̀ sanra bí èékánná ọmọdé. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n, ojú yín tó.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má ra páàdì bíréèkì, bẹ́líìtì tàbí ṣọ́kì tí wọ́n ti lò. Ó tán.

Táyà náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT ni ọjọ́ orí ẹ̀. 4119 ni ọ̀sẹ̀ kọkànlélógójì ọdún 2019. Bí ẹni tó ń tà á bá ya gbogbo ara táyà tí ò ya ibẹ̀ yẹn, ẹ ti gbọ́ èsì.

Ibo ni mo kà dé? Ẹ bá mi kà á.

Brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì: ẹ má kàn rà á kẹ́ ẹ dè é. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda, kọ́kọ́rọ́ yín àti brain box jọ mọ ara wọn ni. Ẹ gbé tuntun síbẹ̀, mọ́tò ò ní dá yín lóhùn títí ẹnì kan á fi fi kọ̀ǹpútà bá wọn mọra.

Ẹ ka bóyá ẹyọ kan ni wọ́n ń tà tàbí méjì. Mo ti gba ṣọ́kì ẹyọ kan rí tí mo sì ń wá ìkejì ẹ̀ nínú páálí bí ẹni tó sọ òrùka nù.

Àwọn tó ní ẹbí nílùú Ọba, ẹ wá gbọ́ tiyín. Àbúrò yín ní Peckham rí iná iwájú mọ́tò yín ní owó pọ́ọ́kú, ó rà á, ó fi ránṣẹ́, ó ṣe dáadáa. Àmọ́ ọwọ́ òsì ni wọ́n ń rìn níbẹ̀, ọwọ́ òsì náà ni iná wọn ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè sí. Àwa ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Bẹ́ ẹ bá de iná yẹn, ojú ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ló máa lọ tààrà, lálẹ́, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Rack sítíárìn wọn ò tiẹ̀ ní wọlé rárá, apá ibòmíì ló kọjú sí.

Owó ẹrù náà tún ń bẹ. Bọ́ńpà ò wúwo, ẹ lè fi ọwọ́ kan gbé e. Àwọn tó ń fi bàálù kẹ́rù ò ní torí ìyẹn ṣàánú yín, àyè tó gbà ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n á mú gígùn lọ́nà ìbú lọ́nà gíga ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n sábà máa ń pín in sí 5000. Páálí 170 lọ́nà 50 lọ́nà 40 di kílò 68. Kílò 68, fún ike! Ẹ ra bọ́ńpà ní Ladípọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Bẹ́ ẹ bá sì ń rajà lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ kan, "core", lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná) tàbí rack tí wọ́n tún ṣe. Owó ìdógò ni. Ẹ dá ògbólógbòó padà, wọ́n á dá owó yín padà. Ta ló fẹ́ gbé alternator tó ti jóná láti Ìbàdàn padà sọ́hùn-ún? Ẹ kà á mọ́ iye ọjà látìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa pariwo pé ó pọ́ọ́kú.

Owó iṣẹ́ ńkọ́? Bí páàtì tẹ́ ẹ rà fúnra yín bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kẹta, ẹ máa san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é ní ilé iṣẹ́.

Èyí tó kù, ẹ má jẹ́ kí páàtì àtijọ́ kúrò lójú yín títí tuntun á fi lo ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan. Mo de alternator kan tí dádì kan rà lórí fóònù, ó ṣiṣẹ́, a kí ara wa, wọ́n lọ. Ọjọ́ kejì ni bátìrì kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Ọ̀jọ́ọ̀. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká dá ti àtijọ́ padà, kábọ̀ọ̀nù lásán ni mo fura pé ó jẹ tán nínú ẹ̀. Mo wá a títí. Ọmọ iṣẹ́ mi ti tà á fún ọ̀gbẹ́ni tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin. Ẹgbẹ̀rún méjì ló gbà. Mo gun ọ̀kadà lé ọ̀gbẹ́ni náà dé ibi tí wọ́n ti ń wọn irin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ló tà á padà fún mi, ó tún ní òun ṣàánú mi ni.