Bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọdé nípa àyípadà ojú ọjọ́ láìdẹ́rù bà wọ́n

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa ní ìlú kékeré kan ní Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Àwọn ọmọ ọdún 6 sí 10 ni wọ́n.

Mi ò bẹ̀rẹ̀ láti orí yìnyín tó ń yọ́ lókè òkun. Ọmọ Ìjùmú wo ló ti rí i rí? Òjò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n lọ bi àwọn àgbà ilé pé: nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ìgbà wo ni àkọ́rọ̀ òjò máa ń dé? Odò wo ni kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn? Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹnu wọn kún. Ọmọbìnrin kan ní, “Màmá àgbà ní láyé àwọn, bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àgbàdo ti wọlẹ̀ nìyẹn. Nísinsìnyí òjò á rọ̀, á tún dá, àgbàdo á jóná lórí ebè, wọn á tún òmíràn gbìn.” Mo wá ṣàlàyé pé ọ̀dá ọdún kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí, bó ṣe ń lọ láti ọdún pípẹ́ la ń wò.

Lẹ́yìn náà, a bu omi sínú abọ́ méjì, a gbé wọn sóòrùn, a fi ike tó mọ́ gaara dé ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kálukú ti ń ki ìka bọ̀ ọ́. Abẹ́ ike gbóná ju èkejì lọ. Mo ní èéfín ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ilé iṣẹ́ ńláńlá ń gbé afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáídì sójú ọ̀run, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ jáde bó ṣe yẹ, bí ẹni da kúbùsù bora lọ́sàn-án gangan. Ọ̀nà tí ike ń gbà ṣiṣẹ́ kọ́ ni afẹ́fẹ́ yìí ń gbà ṣiṣẹ́ gan-an, àmọ́ ó tó fún ọmọ ọdún méje.

Ibi tó gba ìfarabalẹ̀ jù lọ ni ọ̀rọ̀ èédú. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, “Àǹtí, màámi máa ń sun èédú. Ṣé àwọn ni wọ́n ń ba ayé jẹ́?” Gbogbo ojú sì yí sí i. Mo ní, “Rárá o. Owó èédú yẹn ni wọ́n fi ra ìwé rẹ.” Mo sọ fún wọn pé àwọn orílẹ̀-èdè olówó ni wọ́n ti tú èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ náà jáde, láti ọjọ́ pípẹ́, ìwọ̀nba ni ti Áfíríkà. Ṣùgbọ́n bí a bá gé igi etí odò tán, àwa gan-an ni odò máa gbẹ mọ́ lọ́wọ́. Olùkọ́ tó bá sọ ìyá ọmọ di ẹlẹ́bi lójú ọmọ ti di ọmọ náà létí.

Wọ́n bi mí nípa omíyalé Lọ́kọ́ja ọdún 2012 àti 2022, nítorí àwọn kan ní ẹbí níbẹ̀. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí: òjò pọ̀ lápọ̀jù, wọ́n ṣí omi ìdídò Lagdo ní Kamẹrúùnù, ilé sì pọ̀ létí odò.

Ìtàn Wangari Maathai ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ọmọ Kẹ́ńyà ni, ó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ agbingi ní 1977, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2004. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ ilé gogoro sínú ọgbà Uhuru ní Nairobi ní 1989, lẹ́tà ló ń kọ káàkiri, wọn ò sì rí ilé náà kọ́ mọ́. Kíá ni wọ́n ní àwọn náà fẹ́ kọ lẹ́tà.

Wọ́n ń sọ, mò ń kọ ọ́: kí Kábíyèsí jọ̀wọ́ dá igi etí odò sí, kí ẹni tó bá gé igi fún èédú gbin òmíràn. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn òbí kí a tó gbé e lọ sáàfin. Kábíyèsí gbà wọ́n tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n wá bi àwọn ọmọ náà pé, “Bí ẹ bá gbin igi, ta ni yóò máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn?” Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń sun èédú ló kọ́kọ́ nawọ́. A pín iṣẹ́ náà ní méjì-méjì, orúkọ wọn wà lára ògiri gbọ̀ngàn. Igi irú àti igi òrí la gbìn, a sì fi ọparun ṣọgbà yí wọn ká nítorí ewúrẹ́.