Bí a ṣe ń ṣe pápá ìṣeré tí gbogbo ọmọ Kétu á lè jọ ṣeré

Pápá ìṣeré tí wọ́n kàn fi ọ̀dà ya gẹ̀lẹ̀dẹ́ sára ògiri rẹ̀ kò tíì di ti Kétu, ìlú Yorùbá wa ní orílẹ̀-èdè Benin. Eré tí àwọn ọmọ ń ṣe níbẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ti Kétu: ayò, òkòtó, sùwé, bojúbojú, àlọ́. Àwọn eré wọ̀nyí sì ní àǹfààní ńlá kan. Ọmọ tó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́, ọmọ tí kò ríran àti ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ lè bá ẹgbẹ́ wọn ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń ṣàánú wọn. Ẹ má ya igun kankan sọ́tọ̀ fún àwọn àkàndá ọmọ. Ibi tí eré wà ni kí wọ́n wà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀, ẹ rí olórí àdúgbò, ẹ lọ sí mẹ́ẹ̀rì (ọ́fíìsì ìjọba ìlú), kí ẹ sì gba ìwé lórí ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ ẹbí tí wọ́n fi ẹnu lásán yọ̀ǹda máa ń dìjà nígbà tí ẹni tó yọ̀ǹda rẹ̀ bá kú. Bí ẹ bá fẹ́ lo àwòrán gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ lọ bá ìyálàṣẹ̀, obìnrin tó ń ṣolórí ẹgbẹ́ gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà. Lóòótọ́, UNESCO kéde gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ àjogúnbá fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín ló mọ ohun tó ṣeé gbé síta àti ohun tí a kì í fi ṣeré. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ fi ojú ère gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀, kí ẹ mú lára ohun tí wọ́n máa ń gbẹ́ sórí rẹ̀: ẹyẹ, ejò, ìyá olóúnjẹ, aránṣọ. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ wọn sára pákó, kí ìlà rẹ̀ jìn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ọmọ tí kò ríran lè fi ìka mọ èwo ni ejò, èwo ni ẹyẹ.

Ẹ fi eérú ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ihò kan: ọ̀nà, tábìlì, ògiri, ibi jáńgílọ́fà. Ẹ wá yá àga oníkẹ̀kẹ́ kan, kí ọmọ tó ń lò ó fúnra rẹ̀ máa yí i kiri lórí ìlà eérú náà. Ibi tó bá ti há, ẹ pa ìlà rẹ́, ẹ tún un yà. Ẹ bi àwọn òbí àkàndá ọmọ léèrè nígbà yìí, torí pé lẹ́yìn tí sìmẹ́ńtì bá ti gan, ọ̀rọ̀ wọn kò ní wúlò mọ́.

Ẹnu ọ̀nà àti ilẹ̀

Ẹ lè fi ẹnu ọ̀nà ṣe àwòkọ Àkàbà Ìdèna, ibodè àtijọ́ Kétu. (Bí ó bá jẹ́ Sábẹ lẹ wà, ẹ jẹ́ kí àwọn òkè olókùúta ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ó bá jẹ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), iṣẹ́ ọnà ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, wà níbẹ̀.) Ẹ má ṣe fi ìdènà kankan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn o: bí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 péré, kẹ̀kẹ́ á kọ́ ọ. Kí àyè ilẹ̀kùn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 100, kí ìkọ́ rẹ̀ má ga ju 90 lọ, kí ilẹ̀kùn náà sì lè padà tì fúnra rẹ̀, nítorí ewúrẹ́.

Ọ̀nà inú pápá gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 150, kí àga méjì lè pàdé. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, gbogbo sẹ̀ǹtímítà 10 tó bá fi ga, ẹ fún un ní 120 ní gígùn. Yanrìn kò dára fún ọ̀nà. Ilẹ̀ pupa wa tí a pò mọ́ sìmẹ́ńtì ló dára: garawa sìmẹ́ńtì 1 sí garawa ilẹ̀ pupa 12 tí a ti jọ̀. Omi inú rẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un mọ́wọ́ títí á fi ṣù, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀ láti ìbàdí. Bí ó bá fọ́ sí bí ègé mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ti tó. Bí ó bá tú ká wúruwùru, ó gbẹ jù. Bí ó bá kàn tẹ́ pẹrẹsẹ láìfọ́, omi ti pọ̀ jù, ó sì máa sán tó bá gbẹ. Ẹ tẹ́ ẹ, ẹ gún un títí á fi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ sì parí rẹ̀ láàárín wákàtí kan àbọ̀ tí omi ti kàn án. Kí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí òjò lè ṣàn kúrò. Ẹ bò ó, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje.

Tábìlì ayò

Bí owó yín bá tó ohun kan ṣoṣo, ẹ ṣe èyí. Ọwọ́ la fi ń ta ayò, ọwọ́ la fi ń ka ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí kò ríran lè na ẹni tó ríran, àga oníkẹ̀kẹ́ kò sì ṣèdíwọ́ rárá.

Kí ojú tábìlì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, kí ó fẹ̀ ní 60, kí ó nípọn ní 10. Ògiri kékeré méjì ni kí ó gbé e, ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan, kí àárín wọn ṣófo tó 90 ó kéré tán. Àwọn bíríkìlà fẹ́ràn láti fi òpó kan ṣoṣo sí àárín. Ẹ má gbà fún wọn: orókún ọmọ tó wà lórí àga á máa lu òpó náà, kò sì ní lè sún mọ́ ihò. Láti ilẹ̀ dé abẹ́ tábìlì, ẹ fi 65 sílẹ̀. Ojú rẹ̀ á wá ga ní 75.

Sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4 ni kí ẹ pò. Ẹ to irin mílímítà 8 sí àárín ihò sí ihò. Ẹ má ṣe jẹ́ kó gba abẹ́ ihò, torí ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́ jù. Ihò mẹ́fà-mẹ́fà ní ìlà méjì, kí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, kí ó jìn ní 5. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tàbí ìdérí igbá tí a fi epo pa ni kí ẹ tẹ̀ mọ́ ọn nígbà tó ṣì tutù. Ẹ lu ihò mílímítà 8 sí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí omi òjò lè jò jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀fọn á máa yé síbẹ̀. Ọmọ ayò kò lè gba ibẹ̀ bọ́. Méjìdínláàádọ́ta ni ọmọ ayò tábìlì kan. Kí olùtọ́jú pápá máa tọ́jú wọn sínú àpò, nítorí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lè gbé e mì, kó sì há a lọ́fun.

Ògiri bojúbojú àti jáńgílọ́fà

Ẹ fi bíríkì ilẹ̀ pupa mọ ògiri kéékèèké tó ń yí kọ́lọkọ̀lọ, kí ó rán àwọn ọmọ létí odi àti yàrà ìlú. Kí ó má ga ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ, kí àgbà lè máa rí gbogbo wọn láti òkèèrè. Òkúta ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi sìmẹ́ńtì dé e lórí, torí òjò máa ń ti òkè àti ìsàlẹ̀ jẹ ògiri amọ̀. Níbikíbi tí ẹ bá ti fi àlàfo sílẹ̀, yálà lára ògiri ni tàbí lára irin, kí ó kéré sí sẹ̀ǹtímítà 9 tàbí kí ó ju 23 lọ. Láàárín méjèèjì yìí, ara ọmọ á gba ibẹ̀ kọjá, orí rẹ̀ á há.

Jáńgílọ́fà ni ewu pọ̀ níbẹ̀ jù. Kí igi ìdábùú rẹ̀ ga ní mítà 2, kí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo ní mítà 4-4, kí ó má ju ìjókòó méjì lọ lórí igi kan. Òpó á wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 70 nínú kọnkéré. Ẹ tẹ́ yanrìn odò tí kò ní òkúta sábẹ́ rẹ̀, kí ó jìn tó 30. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ á máa wa yanrìn náà kúrò lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ máa fà á padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Fún ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò le, ẹ fi ẹ̀wọ̀n gbé táyà mọ́tò ńlá nídùbúlẹ̀, kí ó lè sùn sínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ táyà wò bóyá wáyà ti yọ, kí ẹ lu ihò omi sí i, kí ẹ sì fi rọ́bà bo ẹ̀wọ̀n níbi tí ọwọ́ á ti dì í mú.

Ìbòòji, ìlù àti ohun ọ̀gbìn

Láìsí ìbòòji, àwọn ọmọ àfín kò lè wá rárá. Igi odán dára fún ibi àlọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbìn ín jìnnà sí kọnkéré, ó kéré tán mítà 5, kí gbòǹgbò rẹ̀ má baà gbé e sókè. Ní àárín àwọn bẹ́ǹṣì, ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 90 sílẹ̀ fún àga oníkẹ̀kẹ́; ẹ má fi í sí ẹ̀yìn. Níbi ìlù, ẹ kan pákó sórí kòtò tí kò jìn, kí ojú rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Bí wọ́n bá ń lùlù lórí rẹ̀, ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ á fi ẹsẹ̀ mọ ìlù náà.

Akòko àti làálì ni kí ẹ fi ṣe ọgbà yí i ká. Ẹ má lo lápálápá, bó tilẹ̀ wọ́pọ̀ tó lágbègbè wa: májèlé ni kóró rẹ̀, ó sì ń dùn lẹ́nu ọmọ.

Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni kí ẹ fi gé bíríkì, kí ẹ sì ṣe kọnkéré. Oṣù Karùn-ún, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni kí ẹ gbin igi. Lẹ́yìn náà, kí ajórin máa wá lóṣooṣù láti yẹ ìkọ́ jáńgílọ́fà wò. Èyí tó bá ti jẹ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ó yọ ìjókòó náà kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má dúró de ìpàdé.