Bí a ṣe ń dáàbò bo tábìlì onígi tí àwọn ọmọdé ń jẹun lórí rẹ̀ lójoojúmọ́

Omi tó dà sórí tábìlì kì í ba igi jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá sùn síbẹ̀ ló ń ṣọṣẹ́. Ọmọ á gbé ife omi tútù kalẹ̀, á sáré lọ ṣeré, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, òrùka funfun ti wà níbẹ̀. Kì í ṣe igi gan-an là ń dáàbò bò, bí kò ṣe awọ tó wà lójú rẹ̀: fánííṣì, òróró tàbí ìda.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yẹ awọ náà wò. Ẹ kán omi díẹ̀ sí iwájú ibi tí ọmọ máa ń jókòó sí. Bó bá dúró kóró-kóró bí omi orí ewé kókò, awọ ṣì wà. Bí igi bá fà á mu láàárín ìṣẹ́jú 5, tí ojú ibẹ̀ sì dúdú sí i, awọ ti tán.

Bó bá ti tán, ẹ tún un kùn. Fún ilé tí ọmọ wà, fánííṣì polyurethane, irú èyí tó máa ń gbẹ le bí ike, ni mo fara mọ́. Òróró àti ìda lẹ́wà, wọ́n sì rọrùn láti tún pa, ṣùgbọ́n omi àti ooru tètè ń rí ọ̀nà gbà wọlé.

Bí tábìlì bá jẹ́ ti àtijọ́, tí wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún, ẹ má ṣe ha á rárá kí ẹ tó mọ irú ọ̀dà náà: òjé lè wà nínú rẹ̀, eruku òjé sì léwu gan-an fún ọmọdé. Tí kò bá sí ti ọ̀dà, ẹ fi sánpépà 120 bẹ̀rẹ̀ (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ló ṣe ń kúnná sí i), ẹ bọ́ sí 180, kí ẹ fi 220 parí rẹ̀. Ibi tí ìlà igi dorí kọ ni kí ọwọ́ yín máa lọ. Tẹ́ ẹ bá ha á ní ìbú, ẹ ò ní rí i títí fánííṣì á fi kàn án; ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ á wá yọjú. Ẹ nu eruku kúrò, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kó àwọn ọmọ jìnnà, kí ẹ sì kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Láàárín ìkùn kan sí èkejì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi sánpépà 320 ha ojú rẹ̀ díẹ̀. Ẹ má gbàgbé etí tábìlì, pàápàá ibi tí wọ́n ti gé orí pákó, torí ibẹ̀ ló ń fa omi jù. Àkísà tó rin fún fánííṣì olóróró, ẹ má ká a jọ: ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ.

Ó wá ku sùúrù. Ọwọ́ lè má lẹ̀ mọ́ ọn mọ́ lọ́jọ́ kejì, síbẹ̀ kò tíì le. Fánííṣì olómi lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 3, olóróró tó ọjọ́ 30. Kó tó pé bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ́ ọ̀rá lé e. Èmi tẹ́ ọ̀rá lé tèmi lọ́sẹ̀ kejì, mo ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Ọjọ́ tí mo ká a, fánííṣì bá a lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ohun kékeré tí a ń tẹ́ sábẹ́ àwo síwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa gbé e kúrò lẹ́yìn oúnjẹ, kí omi má bàa há sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ òbí kì í rò ni iṣẹ́ àṣetiléwá. Bíírò tí ọmọ tẹ̀ mọ́ ìwé ẹyọ kan á kọ lẹ́tà sínú igi, pàápàá igi tó rọ̀. Pákó pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ìwé náà ti tó.

Aṣọ tí a fún dáadáa pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ ni ká fi máa nù ún, ká wá fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e. Kànìnkànìn líle ń ha á. Bí ọmọ bá fi kíréyọ́nù kọ nǹkan sí i, ẹ fi òróró díẹ̀ lára aṣọ nù ún kúrò, lẹ́yìn náà omi ọṣẹ. Omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, torí ó lè yọ́ awọ náà.

Ní ti òrùka funfun, inú awọ lomi náà há sí. Ẹ fi Vaseline pa á mọ́jú, tàbí kí ẹ tẹ́ aṣọ gbígbẹ lé e, kí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé aṣọ náà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ sì máa ṣí i wò. Àmì dúdú yàtọ̀: omi ti dé inú igi nìyẹn, sánpépà ló kàn.

Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tún kán omi síwájú ọmọ tó kéré jù. Ibẹ̀ ni awọ ti kọ́kọ́ ń ṣí.