Wákàtí mẹ́sàn-án kì í ṣe wákàtí mẹ́sàn-án: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá jáde wọ̀lú nígbà tiránsíìtì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ ra aṣọ funfun táwọn aláró wa fi ń ṣe àdìrẹ ní Guangzhou ní Ṣáínà wá sí Ìtòkú, Addis Ababa, olú ìlú Ẹtiópíà, la sì máa ń gbà lọ, torí ẹ̀, tẹ́nikẹ́ni bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà Ṣáínà ládùúgbò wa, èmi ni wọ́n máa ń ní kó tẹ̀ lé. Ojú mi ti rí nǹkan. Tíkẹ́ẹ̀tì tówó ẹ̀ bá rọjú sábà máa ń jẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa fi wákàtí 8, 9, nígbà míì 12 dúró de báàlù kejì, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní tiránsíìtì, tẹ́ ẹ ò bá jáde, orí àga irin lẹ máa sùn sí. Jíjáde dáa, èmi náà ń jáde. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹni tuntun ṣe ń jáde yẹn, Ọlọ́run ló ń kó wọn yọ, owó wọn ni kì í yọ.

1. Físà. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bóyá pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lè jáde nílùú yẹn. Rwanda kì í gbowó físà lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà tó bá fẹ́ yà, Tọ́kì máa bèèrè físà lọ́wọ́ yín, kálukú ló ní òfin tiẹ̀. Pé báàlù wọn lẹ wọ̀ ò ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún yín.

2. Yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, tẹ́ ẹ fi sínú báàgì tó ti wọ ikùn báàlù lọ. Kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀?

3. Ìṣirò wákàtí. Ibí ni mo fẹ́ jókòó sí o, ẹ má bínú. Ọmọ Abẹ́òkúta tí báàlù ẹ̀ máa gbéra l'Ékòó ní aago 1 ọ̀sán, aago 5 ìdájí ló ti máa kúrò nílé, torí ó mọ̀ pé láti Ìfọ̀ dé Sángo nìkan lè jẹ ọjọ́ náà tán. Ó gbọ́n nílé. Ẹ jẹ́ kó kàn dé Addis, kí wọ́n ní báàlù kejì di wákàtí 9 sí i, ó ti ń pariwo pé òun ní wákàtí 9 láti fi jayé. Níbo lẹ ti rí wákàtí 9? Ẹ máa tò jáde nínú báàlù, ẹ máa tò níwájú imigiréṣọ̀n, kò ní dín ní wákàtí 1, ọjọ́ míì á di 2. Tó bá ti ku wákàtí 3 kí báàlù gbéra, inú ẹ́pọ́ọ̀tì ló yẹ kẹ́ ẹ wà. Takisí àlọ àtàbọ̀, ẹ fún un ní wákàtí 1 ààbọ̀, lóòótọ́ inú ìlú náà ni ẹ́pọ́ọ̀tì Bole wà, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò mọ àlejò. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, ẹ wo ohun tó kù: wákàtí 2 ààbọ̀, tó bá dáa gan-an 3 ààbọ̀. Ibì kan ṣoṣo nìyẹn! Àbúrò kan tí mo mú dání kọ ibi mẹ́fà sínú fóònù ẹ̀, mùsíọ́ọ̀mù, ọjà Merkato, òkè Entoto, ṣọ́ọ̀ṣì méjì àti ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò. Inú takisí ló rí, kò rí Addis. Tí tiránsíìtì yín ò bá tó wákàtí 6, ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ ra kọfí mu.

Mi ò tíì tán lórí aago. Addis fi wákàtí 2 ṣíwájú wa, ẹ yí aago ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ò le. Èyí tó le ni pé àwọn ará Ẹtiópíà ò ka aago bá a ṣe ń kà á. Ìgbà tílẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà tiwọn, aago 7 àárọ̀ wa ni aago 1 wọn, aago 12 ọ̀sán wa ni aago 6 wọn. Bá a ṣe ń ka tiwa ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé lójú títì lè máa ka tiẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé ẹnì kan ló sọ ìyẹn fún mi? Báàlù mi máa gbéra ní aago 5 ìrọ̀lẹ́. Mo ní kí dírẹ́bà já mi sí mùsíọ́ọ̀mù ìjọba, kó padà wá gbé mi ní aago 1, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín, mo sì ti san owó àlọ àtàbọ̀ fún un pa pọ̀, ẹ ò rí ọgbọ́n mi. Mo wọlé lọ wo ọ̀rọ̀ Lucy, obìnrin tí wọ́n wú egungun ẹ̀ nílẹ̀ Afar ní 1974, tó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ọdún tó ti kú, Dinkinesh ni àwọn onílé ń pè é. Mo jáde, mo dúró. Aago 1 kọjá. Aago 1 ààbọ̀. Aago 2. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí lórí fóònù mi, oòrùn ń pa mí, mo ń fi ohùn Ẹ̀gbá ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo wọ takisí míì, ìlọ́po méjì owó tí mo ti san ni mo tún san. Ìrìn-àjò kejì ni ẹnì kan tó ṣàlàyé fún mi pé aago 1 tiwọn, ní ọjọ́rọ̀, aago 7 alẹ́ ni. Dírẹ́bà ò jẹ̀bi rárá. Ó ṣeé ṣe kó débẹ̀ ní aago 7 géérégé, kó máa wá obìnrin Nàìjíríà tó ti sanwó, èmi ti wà lójú sánmà, mò ń jẹ ìrẹsì. Látìgbà náà, tí mo bá fẹ́ bá dírẹ́bà ṣàdéhùn, aago ọwọ́ mi ni mò ń nà sí i, màá fìka tọ́ka síbi tí ọwọ́ aago máa dé.

Owó ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń di dọ́là ọjà mọ́ ìbàdí wọ Merkato, ọjà tó fẹ̀ tí ọjà Kútọ̀ wa á fi dà bí ìsọ̀ kan, ṣé orí yín pé? Ẹ má sì ṣẹ́ dọ́là 100 nítorí kọfí. Birr, owó Ẹtiópíà, tó bá ṣẹ́ kù, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín l'Ábẹ́òkúta.

Kọfí yẹn náà, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n ṣe é fún yín bí àṣà wọn, wọ́n á kọ́kọ́ yan án lójú yín, wọ́n á gún un, wọ́n á sè é nínú jebena, ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń se kọfí, ife mẹ́ta ni wọ́n sì ń bù, ìkẹta ni wọ́n ń pè ní ìbùkún. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí báàlù ń dúró dè kì í dúró gba ìbùkún.

Òtútù! Ìlú yẹn ga ju mítà 2,300 lọ sí òkun, Olúmọ tẹ́ ẹ fi ń yangàn ò ju 137 lọ. Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn Olúmọ, kó rọra rìn, kó mú súwẹ́tà.

Oyin wá ńkọ́? Oyin ibẹ̀ dáa, mo ra ike ńlá méjì, mo gbé e pọ̀n bí ọmọ. Mo gbàgbé pé tẹ́ ẹ bá ti jáde, ẹ máa tún gba ibi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ báàgì wò kọjá, ohunkóhun tó bá ń ṣàn tó ju 100 ml lọ ò ní wọlé. Mo bẹ̀bẹ̀, mo ní oyin kì í ṣàn, ó ki. Síkúríìtì náà yí ike dà sí ẹ̀gbẹ́, oyin ṣàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba Istanbul ní Tọ́kì, ẹ́pọ́ọ̀tì tuntun yẹn jìnnà sáàárín ìlú, nǹkan bíi kìlómítà 40 ni sí àdúgbò Sultanahmet, ẹ má fi ìṣirò Addis ṣe é. Ọjà Grand Bazaar kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday, ààfin Topkapi kì í ṣí lọ́jọ́ Tuesday, mo mọ ẹni tó lọ kọjú sí géètì méjèèjì.

Oṣù tó ń bọ̀, ẹni tuntun méjì ni mo fẹ́ mú dání. Ọ̀kan ti fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí mi lánàá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wákàtí 9 á tó wa dé Lalibela ká tún padà?” Lalibela, ìlú míì ní Ẹtiópíà, tó jẹ́ pé báàlù míì lẹ máa wọ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Mo ti kà á, mi ò tíì fèsì.